Ẹ júwe lọ́yà tó mọ̀ nípa trademark (àṣẹ lórí orúkọ ọjà) fún mi n'Ìbàdàn, kíákíá ni o!

Ìyá Dámi
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́yà kan kọ̀wé sí mi láti Èkó lánàá. Ó ní orúkọ tí mo ń lò lórí áàpù mi, oníbàárà òun ló ni ín, kí n yọ ọ́ kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di kóòtù. Èmi tí mo ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀! Ta lẹ mọ̀? Kó má jẹ́ ẹni tó máa gba owó gọbọi o.

Àkànní Bódìjà
Áàpù kí ni? Orúkọ wo? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyá Dámi
Tàwọn ọlọ́kadà tó ń báni gbé ẹrù ni. Mi ò lè kọ orúkọ náà síbí, àwọn ẹni yẹn lè máa kà á.

Lọ́yà Kékeré
Ìyá Dámi, ìwé CAC ò lè gbà yín níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ yín wà lábẹ́ òfin. Àṣẹ lórí orúkọ ọjà, ọ́fíìsì trademark l'Ábújá ló ń fúnni, ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ ní kí lọ́yà yẹn fi ìwé ẹ̀rí oníbàárà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì wo class tó wà, ìyẹn ìsọ̀rí ọjà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ náà sí. Class 39 ni iṣẹ́ ẹrù gbígbé. Bó bá jẹ́ class 25 ni tiwọn, ìyẹn aṣọ àti bàtà, ẹ ní àwíjàre níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ń lo orúkọ náà láìdáwọ́dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí wọ́n sì tó forúkọ sílẹ̀, section 7 òfin trademark lè gbè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín pe lọ́yà náà o.

Alhaja Mọ́kọ́lá
Ẹ rọra o. Agent kan ní òun á bá mi ṣe trademark sọ́ọ̀bù mi orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sanwó tán, ó gbé bébà kan fún mi, mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ sókè kántà. Gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire. Ìgbà tí ẹnìkan l'Óṣogbo wá ń lo orúkọ mi, mo gbé férémù náà tọ lọ́yà lọ. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Acknowledgement ni! Pé wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù mi gbà. Agent ò gbé fóònù mọ́ títí dòní.

Bísí Olómi
Hà! Alhaja, ṣé ọkùnrin pupa kan tó máa ń dé fìlà ni?

Alhaja Mọ́kọ́lá
Mi ò ní dárúkọ. Àmọ́ ó pupa.

Bísí Olómi
Mo mọ̀ ọ́n! Ó jẹ owó àbúrò mi náà.

Lọ́yà Kékeré
Alhaja, acknowledgement kì í ṣe ayédèrú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Acceptance, ìyẹn pé wọ́n gba orúkọ náà wọlé, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e jáde nínú Journal, ìwé ìkéde ọ́fíìsì trademark, kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 2. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé ẹ̀rí. Ọdún 7 ló máa lò; tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ọdún 14 ló kàn.

Alhaja Mọ́kọ́lá
Kí ló dé tó o fi ń gbèjà wọn? Ṣé agent ni ìwọ náà?

Bọ̀dá Peckham
Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Níbí ní London, BSkyB, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ni orúkọ Sky, gbé Microsoft lọ sí kóòtù lórí orúkọ SkyDrive, ibi tí Microsoft ti ń báni tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013 adájọ́ dá BSkyB láre, nígbà tó di 2014 Microsoft sọ ọ́ di OneDrive. Ìyá Dámi, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Àkànní Bódìjà
Bọ̀dá, Microsoft lówó ọ̀dà. Àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà ni obìnrin yìí kọ orúkọ sí.

Adé Kóòdù
Ẹ dákun, ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún mi fi orúkọ ara rẹ̀ gba domain mi, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù náà. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́yà Kékeré
Adé, lọ kọ tìẹ sí ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ .ng, NiRA, àjọ tó ń forúkọ domain sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló ń bójú tó o. Tó bá jẹ́ .com, o lè gbé e lọ sí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, bí o bá ní trademark, àmọ́ dọ́là 1,500 lowó ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Adé Kóòdù
Ẹ jẹ́ n kúkú bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Dámi
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti pe lọ́yà náà.

Lọ́yà Kékeré
Ẹ ti pè é kẹ̀?!

Ìyá Dámi
Ó tiẹ̀ níwà. Ó fún mi di òpin oṣù kí n fi yí orúkọ padà.

Lọ́yà Kékeré
Mà, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ náà? Ìgbà wo ni tiwọn?

Ìyá Dámi
2017 ni tèmi. 2020 ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà pé àwọn bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n forúkọ sílẹ̀.

Lọ́yà Kékeré
Ẹ̀yin lẹ ṣáájú! Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ báyìí.

Ìyá Dámi
Mo ti fọwọ́ sí i láàárọ̀. Mi ò lókun kóòtù, ọmọ mi ń ṣe ìdánwò. Ta ló mọ átíìsì tó lè tún orúkọ kọ sára àpótí fún mi, tí kò wọ́n?

Bọ̀dá Peckham
Ẹ ti yẹ orúkọ tuntun náà wò l'Ábújá?

Ìyá Dámi
Orúkọ Dámi ni mo fẹ́ lò. Ta ló fẹ́ bá mi du orúkọ ọmọ tí mo bí?

Àkànní Bódìjà
Átíìsì kan wà ní Yemẹtu, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.