Ooru Èkìtì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: ẹ sọ èyí tí ojú yín ti rí

Ọmọ Ìgèdè

Ẹ̀yin Èkìtì kete, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo gbé wá lónìí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń dùn mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí sọ tirẹ̀, kí ẹlòmíì má baà kó sí i.

Corolla 2005 ni mò ń wà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ní tòkunbọ̀ ni mo ti ń da 5W-30 sí i, torí òun ló wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ní ìparí oṣù kọkànlá, mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì kí n tó rin ìrìn-àjò Kérésì. Ọ̀gá tó máa ń bá mi ṣe é kò sí nílé, mo bá yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì nínú Adó. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó àtàrí. Bó ṣe rí kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé dání, ó mirí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì ilẹ̀ olótùútù lèyí. Ó ti ṣàn jù. Tí oòrùn Èkìtì bá bá a, omi lásán ló máa dà. Èyí tó ki ni kí ẹ lò, 20W-50."

Ó ti ìka kan bọ tèmi, ó ti òmíì bọ tirẹ̀, ó na méjèèjì sí mi lójú. Tèmi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Tirẹ̀ rọra ń wọ́ bí oyin ìgàn. Ojú mi rí i, ọkàn mi gbà á. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi padà sí búùtù, mo ra tirẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọyẹ́ fi dé. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí lápá ọ̀dọ̀ wa, láti Ìgèdè títí dé Ẹ̀fọ̀n: àárọ̀ á tutù, ọ̀sán á gbóná janjan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣíná, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìgbà tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ó di ojoojúmọ́. Tí mo bá dúró ní Fajuyi kí ọkọ̀ iwájú kọjá, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ mi. Bẹntiróò ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá, iná check engine tàn.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Kò tíì tú nǹkan kan tó ti fa gáàjì yọ, ó wo bí ọ́ìlì ṣe ń wọ́ lórí rẹ̀, ó ní, "Ta ló da èyí sí i?" Lẹ́yìn náà ló tú bóòtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fa asẹ́ kékeré kan jáde, kò tóbi ju orí ìka ọmọdé lọ. Ihò ara rẹ̀ kúnná ju ti asẹ́ tí ìyá mi fi ń sẹ́ ògì lọ. Ó ní ibí yìí ni ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, ọ́ìlì yìí náà sì ni agbára tí VVT-i fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ki ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lọ, kò ní tètè débẹ̀, pàápàá láàárọ̀.

Ohun tó yé mi lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ooru ìta kọ́ ni ọ́ìlì ń bá jà, ooru inú ẹ́ńjìnnì ni. Thermostat kì í jẹ́ kí omi lọ tutù nínú rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, lẹ́yìn náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, tí gbogbo rẹ̀ á fi dúró sí nǹkan bíi 90°C. Ì báà jẹ́ Adó tí ìta gbóná dé 34°C, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tí ìta jẹ́ 10°C, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ èyí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, ìyẹn 30 tàbí 50, ní 100°C ni wọ́n ti ń wọn bó ṣe ki tó. Nítorí náà, oòrùn wa kò lè sọ 30 di omi. Ooru tó ju tiwa lọ fíìfíì ni wọ́n fi dán an wò.

Nọ́ńbà tó ní W ní tirẹ̀, ti òtútù ni. 5W, ní òtútù -30°C ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí. 20W, ní -15°C. Èkìtì ò rí èyíkéyìí rí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí epo pupa nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, bó ṣe máa ń dì tí a fi ń gbé e sún mọ́ iná. 20W-50 kì í dì bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń lọ́ra, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni irin ń ha irin jù.

A fa 20W-50 yẹn dànù, a pààrọ̀ fílítà, a fọ asẹ́ náà, a da 5W-30 mi padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣíná, mo tẹ́tí. Kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́.

Onítakisí Òkèyinmi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí àwọn èèyàn má baà gbọ́ èyí kí wọ́n sì lọ ba ọkọ̀ ara wọn jẹ́.

Nissan Sunny àtijọ́ ni mo fi ń ṣe takisí, Adó sí Ìwòròkò sí Ìfàkì, ọdún kẹjọ rèé. 20W-50 ni mò ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Èkó sọ fún mi pé ọ́ìlì tó ṣàn ló dáa, òun náà ló sì ra kẹ́ẹ̀gì 5W-30 fún mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí sàìlẹ́ńsà mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù. Tí mo bá ti gun òkè, tí mo wá dúró kí èrò sọ̀kalẹ̀, iná ọ́ìlì á máa ṣẹ́jú sí mi. Ẹ́ńjìnnì ti gbó, àlàfo inú rẹ̀ ti fẹ̀, ọ́ìlì tó ṣàn ń rí ibi sá lọ. Mo dá 20W-50 padà, iná náà kò tàn mọ́ títí di òní.

Mi ò ní kí ẹ má tẹ̀ lé ìwé. Mo ní ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọkọ̀ tí ìwé ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ Ìgèdè

Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀dá. Ọ̀gá mi náà sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé Corolla mi fúnra rẹ̀ tiẹ̀ sọ ọ́ pé tí èèyàn bá ń sáré gan-an tàbí tó ń fi ọkọ̀ ru ẹrù wúwo, ọ́ìlì tó ki díẹ̀ lè bá a mu jù. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ kò bèèrè irú ẹ́ńjìnnì tí mo ní. Oòrùn nìkan ló wò.

Ìyá Olùkọ́ Ìkọ̀lé

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọ́ìlì tí ìwé sọ gan-an ni mò ń rà. Nọ́ńbà pé, kẹ́ẹ̀gì mọ́, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni mo ti ń rà á fún ọdún méjì, ó sì máa ń dín owó kù fún mi. Mo rò pé oore ló ń ṣe mí. Nígbà tó yá, a ń lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Iléṣà. A kọjá Àrámọkọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ìta-Awurẹ́, ni iná ọ́ìlì bá tàn. Kí n tó rí ibi yà kúrò lójú títì, ẹ́ńjìnnì ti ń lu bí ẹni ń gún iyán. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Èmi, ọmọ mi méjì, àti aṣọ ẹbí nínú báàgì, a jókòó sórí òkúta títí ọkọ̀ tó máa fà wá padà fi dé ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Mo rò pé n ó rí irin. Ohun tí mo rí dúdú, ó rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibẹ̀ bí ọṣẹ dúdú tó ti lómi nínú. Ó fi síbí bù ú. Ó ní, "Mà, èyí kì í ṣe ọ́ìlì. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun." Ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè ti dí pátápátá. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni mo rà.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń wo ìdérí kẹ́ẹ̀gì bóyá wọ́n ti ṣí i rí, mo máa ń wá àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń yẹ ọjà wò bóyá ó péye, lára èyí tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà, mo sì máa ń dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi rọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ìṣó lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà níhò mẹ́ta. Àwọn tó ń ra kẹ́ẹ̀gì òfìfo kiri, kì í ṣe omi ni gbogbo wọn fẹ́ rọ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lù ú.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Tèmi kò gùn. Ọ́ìlì mi dára, nọ́ńbà rẹ̀ pé, kò sì ṣe ayédèrú. Mi ò kàn fa gáàjì wò fún oṣù méjì ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ mi ti ń jẹ ọ́ìlì. Ojú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, nínú kòtò àti gálọ́pù, jíà kìíní àti ìkejì ní gbogbo ọ̀nà, ló ti parí. Ní báyìí, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń fa gáàjì, orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì tútù.

Mẹkáníìkì Ajílósùn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Àwa mẹkáníìkì la kọ́ ara wa pé ilẹ̀ gbígbóná, ọ́ìlì tó ki. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, kò sì parọ́. Ọkọ̀ ìgbà náà, Peugeot 504, Datsun, ọ́ìlì tó ki bá wọn mu. Ọkọ̀ ló yí padà, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: lẹ́tà. Lára kẹ́ẹ̀gì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ API sí, ìyẹn àjọ àwọn elépo Amẹ́ríkà tó ń to ọ́ìlì sí ìpele. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S jẹ́ ti bẹntiróò, C jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kejì ló ń sọ bó ṣe jẹ́ tuntun tó. Mo ṣì ń rí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ SF sí lórí àtẹ, tó ń dán, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. SF kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróò tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1988! Ẹni tó ní Corolla 2005, láti SL lọ sókè ni kó wá. SN dé ní 2010, SP dé ní 2020, méjèèjì á bá a mu, torí èyí tó jẹ́ tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó lọ ra SF nítorí ó kọ 20W-50 gàdàgbà sí i, ọ̀nà méjì ló ti ṣìnà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, thermostat. Mo ti yọ ọ́ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nílùú yìí nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé kò wúlò nílẹ̀ ooru, pé òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ hó. Ó dùn mí pé mo ṣe é. Tí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yí ká láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣíná, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná tó bó ṣe yẹ. Omi díẹ̀díẹ̀ tó ń wọnú ọ́ìlì kò ní rí ooru tó máa gbé e lọ, á dúró síbẹ̀, á ba ọ́ìlì jẹ́. Ẹ lè fi owó ńlá ra ọ́ìlì tó dára jù, kó sì bàjẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, nínú Èkìtì tí oòrùn ti ń jó wa yìí.

Ẹlẹ́rù Òmùò

Fún àwa tó ń kó iṣu, dísẹ́ẹ̀lì ni tèmi, 15W-40 CI-4, mi ò sì kábàámọ̀. Àmọ́ eruku ọ̀nà oko ń tètè ba ọ́ìlì jẹ́. Mi ò jẹ́ kó ju 5,000 kìlómítà lọ.

Àbúrò Basiri

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá Ajílósùn, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí rẹ̀, ó dà bí àkàmù tó ti tutù. Ṣé ẹ́ńjìnnì mi ti lọ nìyẹn?

Mẹkáníìkì Ajílósùn

Ẹ fara balẹ̀ ná, àǹtí mi. Ẹ fa gáàjì, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì tibẹ̀ náà ti funfun. Tó bá di àárọ̀, tí ọkọ̀ ti tutù pátápátá, kí ẹ ṣí rédíétọ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi ti dín, tàbí bóyá ọ́ìlì léfòó lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣíná mọ́ rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì orí, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, lè ti jó. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi bí ìrìn yín ojoojúmọ́ ṣe jìnnà tó.

Àbúrò Basiri

Mo ti wò ó láàárọ̀ yìí. Omi kún dé ẹnu, ó mọ́ lóló. Ọ́ìlì orí gáàjì pupa rẹ́súrẹ́sú, kò funfun. Láti ilé dé ibi iṣẹ́ mi kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bí mo ṣe ń lọ náà ni mò ń bọ̀. Mo pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe, mo bi í ní thermostat. Ó ní òun ti yọ ọ́ láti ọdún tó kọjá, pé ó wà nínú páálí kan ní ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ti ní kó bá mi wá a jáde. Sátidé ni mò ń bọ̀ ní Ajílósùn, tí ẹ bá lè gbà mí.