Ṣé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ lẹ́yìn ogójì ọdún?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ìwé, mo kí yín o. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú mi ní kékeré, ẹsẹ̀ mi kan sì rọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo máa ń jókòó sí, tí wọn yóò máa pa àlọ́ fún mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí báyìí, mo ti lé lógójì ọdún, ìtàn àròsọ tí mo bẹ̀rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ àpótí láìparí. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó pẹ́ báyìí kó tó bẹ̀rẹ̀?

Èsì kìíní
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo òǹkọ̀wé Walter Scott, ọmọ Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, tí wọ́n bí ní 1771. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí àìsàn kan, tí àwọn onímọ̀ gbà pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, fi mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí oko bàbá rẹ̀ àgbà ní Sandyknowe, níbi tí wọ́n ti fi awọ àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wé e lára, kó lè gbìyànjú láti rákòrò. Ó tiro títí ó fi kú, ṣùgbọ́n oko yẹn náà ló ti gbọ́ orin àti ìtàn ogun ààlà ilẹ̀ wọn lẹ́nu àwọn ará ilé. Agbẹjọ́rò ló dà. Ó bẹ̀rẹ̀ Waverley, ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó pa á tì, ó tún ṣàdédé rí i níbi tó ti ń wá ohun èlò ìpẹja nínú tábìlì àtijọ́ kan. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tí ìwé náà jáde ní 1814. Ẹ ṣí àpótí yẹn.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Scott ti lókìkí nídìí ewì kó tó kọ ìtàn àròsọ jáde, ó sì ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́ gíga. Kò tilẹ̀ forúkọ ara rẹ̀ sí ìwé náà. Ọdún 1827 ló tó jẹ́wọ́ ní gbangba. Ẹ má fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ o: nígbà tí òwò ìtẹ̀wé tó dá owó sí wó ní 1826, gbèsè tó lé ní 100,000 pọ́n-ùn já lé e lórí, ìwé kíkọ ló sì fi ń san án títí tó fi kú ní 1832.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ìdájí ni n ó máa kọ ọ́, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn atẹ̀wé wa máa ń gba ìwé tí òǹkọ̀wé kò forúkọ ara rẹ̀ sí? Àwọn ọ̀gá mi pọ̀ nínú ìtàn náà.