Mo fẹ́ fi Linux sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, báwo ni kí n ṣe pín hard disk mi?

ỌmọSàbó: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Sábó n'Íkòròdú níbí, mo fẹ́ gbé Linux Mint (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí láptọ́ọ̀pù mi, ìgbà àkọ́kọ́ mi rè é. Mi ò lè yọ Windows torí CorelDRAW tí mo fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó fáwọn kọ́sítọ́mà, òun ló ń bọ́ mi. RAM 8GB, hard disk 500GB, C nìkan ló wà níbẹ̀, mo ti lo bí 180. Ìwé àtijọ́ kan ní kí n pín in sí /, /boot, /usr, /var, /tmp, /home àti swap, méje gbáko! GB mélòó ni kí n fún ìkọ̀ọ̀kan? Ẹ tún bá mi wò ó, 500 ni wọ́n tà fún mi, 465 ni Windows ń fi hàn, àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Bàbá Ìjẹdẹ̀: Kò sẹ́ni tó lù ẹ́ jàre. Àwọn tó ṣe hard disk ń fi 1000 ka tiwọn, Windows ń fi 1024 ka tiẹ̀, ibẹ̀ ni 35 yẹn wọlé sí.

Méje yẹn, gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí èrò rẹpẹtẹ ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó nídìí tí wọ́n fi ń ya /var sọ́tọ̀, kí log, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, má baà kún dí gbogbo ẹ̀rọ. Ìwọ nìkan lò ń lo tìẹ. Dín C, apá tí Windows wà, kù sí 250, á ṣẹ́ ku bí 215. Mú 100 ṣe NTFS tí iṣẹ́ ẹ máa wà, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì, torí Linux ń ka NTFS ṣùgbọ́n Windows kì í dá ka ext4 tó jẹ́ ti Linux. Fún /, níbi tí Linux fúnra ẹ̀ ń gbé, ní 40, kí /home, níbi tí fáìlì tìẹ ń wà, kó ìyókù, ext4 ni méjèèjì. Ti swap, àyè orí disk tó ń ran RAM lọ́wọ́, Mint á ṣe fáìlì ẹ̀ fúnra ẹ̀, àfi tó o bá máa ń hibernate (kó o pa á, kí iṣẹ́ tó o ṣí sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó o bá tàn án), ìyẹn ló ń fẹ́ swap tó tó RAM.

Wò ó bóyá GPT ni disk ẹ àbí MBR, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń kọ bí disk ṣe pín, torí MBR ò gbà ju apá primary mẹ́rin lọ, Windows sì lè ti jẹ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ GPT, wàá rí FAT32 kékeré kan níbẹ̀, EFI nìyẹn, ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, MÁ FỌ́Ọ̀MÁTÌ Ẹ̀ o! Lò ó bẹ́ẹ̀. Tó o bá pa á rẹ́, Windows ẹ ò ní dìde.

Àǹtí Ìgbógbó: Ó ti ṣe mí rí. Fláàṣì Linux ni mo fi ń dín C kù, ó ti ń kó fáìlì bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ku díẹ̀ kó parí, iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, ojú ẹ̀ kàn ṣú báyìí ni. Fọ́tò ìkómọ ẹni ẹlẹ́ni ló bá a lọ, mo dá owó padà, mo tún bẹ̀bẹ̀ lé e. Kó fáìlì ẹ sórí hard disk external ná. Lẹ́yìn náà ṣí Command Prompt bí administrator, tẹ powercfg /h off, ó máa pa hibernate àti Fast Startup, tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn, pọ̀, kó o tó wá lọ Disk Management inú Windows lọ dín in kù. Tí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti disk, bá wà lórí ẹ̀, kọ recovery key sílẹ̀ o.

Fẹ́ǹsì: Bàbá, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ /home yẹn. Mo fún / ní 20 nígbà kan, ó kún láàárín oṣù díẹ̀ torí flatpak (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gbé app sórí Linux), /home sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ṣófo gbayau. Bí ẹni ra hááfù púlọ́ọ̀tì tó tún mọ fẹ́ǹsì sáàárín ẹ̀ ni, àtiwó o kì í ṣe kékeré. Ṣáà kó gbogbo ẹ̀ fún /.

Bàbá Ìjẹdẹ̀: 20 ti kéré jù náà ni, mo ní 40. Ọjọ́ tó bá fẹ́ pààrọ̀ Mint ńkọ́? Ó kàn máa fọ́ọ̀mátì / ni, kò ní fọwọ́ kan /home.

Fẹ́ǹsì: Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ ti wà lórí NTFS tẹ́ ẹ ní kó ṣe, sà?

Bàbá Ìjẹdẹ̀: Hmm. O mú mi níbẹ̀.

ỌmọSàbó: Ẹ ṣé gan-an ni. GPT ni o, mo rí EFI yẹn. Disk Management kọ́kọ́ ní 60GB péré lòun lè yọ, mo pa hibernate, mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tún un tàn, ó ti di 220! Màá ṣe NTFS 100, ìyókù fún / lódindi. Ọwọ́ mi ti wà lórí Shrink báyìí.

Àǹtí Ìgbógbó: External ńkọ́?

ỌmọSàbó: … Mo ń bọ̀ mà, ó wà nílé.