Ọdún 17 ni mo ti ń gba owó kíláàsì, ọmọ mi wá bi mí ìgbà tí mo di àtúnbí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iléṣà ni mo ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n sàmì fún mi ní kékeré, mo kọ́ katikísímù, wọ́n gbà mí wọ ìjọ, n kì í sì í pa Oúnjẹ Olúwa jẹ. Ó di ọdún 17 báyìí tí mo ti jẹ́ olórí kíláàsì. Fún ẹni tí kò bá mọ ìṣe wa, wọ́n pín àwọn ọmọ ìjọ sí kíláàsì kíláàsì, olórí ló ń mọ orúkọ wọn, òun ló sì ń gba owó kíláàsì. Ìwé mi mọ́ tónítóní. Bí o bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta, màá dé ilé rẹ. Òṣómàáló ìjọ ni wọ́n ń pè mí, kò sì dùn mí, torí òṣómàáló gidi ni bàbá bàbá mi. Aṣọ àwìn ni wọ́n ń tà kiri, tí onígbèsè bá ń yọ̀ kiri, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ń jẹ iyán lọ́wọ́ ló ní, "Dádì, ìgbà wo lẹ di àtúnbí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo èyí tí mo kà fún yín yìí. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bèèrè. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ. Kò bá mi jiyàn, ó kó abọ́ ó sì wọlé lọ. Ì bá bá mi jiyàn, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ṣí Jòhánù orí kẹta, níbi tí ọ̀rọ̀ àtúnbí wà, mo dé ibi tí Jésù ti bi Nikodémù pé ṣé olùkọ́ ní Ísírẹ́lì ni, tí kò sì mọ nǹkan wọ̀nyí. Tíṣà lèmi náà. Ẹni tí kò jalè, tí kò ṣe panṣágà, tó ń pa ìlànà ìjọ mọ́, kí ló tún kù tó fẹ́ dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Oníṣu, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà
Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Nígbà tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé, ọwọ́ ni wọ́n ní kó gbé gba orí kọjá kó fi kan etí òdì kejì, bó ṣe wọ kíláàsì kìíní nìyẹn. Ṣé wọn ò wá bí i ni? Sátífíkéètì ìbí lọmọ yín ń bèèrè. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn déètì jù.

Ọmọ Òkè-Ọyẹ̀
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Oníṣu. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣì mọ̀ pé òun ń mí. Ohun tí mo rò pé ọmọ yẹn ń bèèrè nìyẹn.
Àdúgbò wa ní Iléṣà níbí ni Bàbá Babalọlá, wòlíì Aládùúrà nì, ti ṣe ìsọjí 1930. Katakata tó ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n ń wà kí Ọlọ́run tó pè wọ́n ní 1928. Àwọn tó ya lọ síbẹ̀ kì í ṣe abọ̀rìṣà nìkan o. Àwọn tí wọ́n ti sàmì fún tipẹ́ ní àwọn ìjọ ńlá ńlá wà níbẹ̀, tí àwọn náà ń kó oògùn jáde. Sọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìfúnpá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò sọ pé ẹ ní oògùn. Àmọ́ kí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tiyín?

Gàrí Ò Parọ́
Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun ti di àtúnbí, kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí wọnú ló fi wọn gàrí fún mi. Ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre. Ìwé tiwọn mọ́.

Ọmọ Òkè-Ọyẹ̀
@Gàrí, tí náírà ayédèrú bá wọ ọjà, ṣé wàá kó ti gidi dànù ni?

Tèmi Náà Mẹ́tọ́díìsì, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ inú ilé. John Wesley tó dá ìjọ wa sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọsibítù Wesley Guild tẹ́ ẹ̀ ń kọjá níwájú ẹ̀, bíi tiyín ló rí. Àlùfáà Áńgílíkà ni, ó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, ó wọkọ̀ ojú omi ní 1735 lọ wàásù ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ìjì jà lójú òkun, jìnnìjìnnì bò ó, àwọn onígbàgbọ́ kan láti Jámánì sì ń kọrin lọ ní tiwọn nínú ọkọ̀ kan náà. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ wọn tí òun ò ní. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1738, níbi ìpàdé kékeré kan lójú ọ̀nà Aldersgate ní London, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, kọ sórí ìwé Róòmù, ó ní ọkàn òun móoru lọ́nà àrà, òun sì rí i pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Kristi. Ọmọ ọdún 34 ni. Ẹ wò ó, kò fi ààwẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó yí padà ni ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé.
Àmọ́ kíláàsì gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ọmọlẹ́yìn Wesley ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan ní kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, wọ́n pín wọn ní méjìlá méjìlá, ẹnì kan á máa ti ojúlé dé ojúlé gbà á. Bí àwọn agbowó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń bá ọ̀kan níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, tí òmíràn ti mutí yó. Wesley ní ohun tí òun ti ń wá nìyí. Ó ní kí olórí kọ̀ọ̀kan máa bèèrè bí ọkàn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe wà. Owó ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ wọn ò padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ńkọ́, ọdún 17 yìí, ẹ ti bi ẹnì kan rí?

Ìyá Oníṣu, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà
Háà. Ẹ rọra bá bàbá sọ̀rọ̀ o.

Ẹni tó bèèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)
N kò bi ẹnì kankan rí.
Lánàá mo lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà kan ní Ìsọ̀nà. Wọn kì í jẹ gbèsè rárá. Mo gba owó, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá ní, "Màmá, ọkàn yín ńkọ́?" Wọ́n ní ó máa ń lù kìkì lóru, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni mo ń bèèrè. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló kú?"
Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní láti ìgbà tí bàbá ti lọ, àwọn ò gbàdúrà mọ́. Pé owó yẹn, àwọn kàn ń san án kí n má baà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ni. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́?"
Mo fa àpótí, mo jókòó. Mo sọ fún wọn pé èmi náà, àdúrà inú ìwé ni mo ń kà, n kò rò pé mo ti bá Ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀. A gbàdúrà, kò gùn, ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọdé tó ń ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ. N kò lè sọ fún yín pé ọjọ́ yẹn ni, n kò sì lè sọ pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn.
Mo délé kí n tó rántí pé mo gbàgbé ìwé owó sórí tábìlì wọn. N kò tíì lọ mú un.