Ọkọ mi ní kí n pa gbogbo ohun tí mo ti kọ rẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní blog kékeré kan tí mo máa ń kọ èrò ọkàn mi sí. Ìlà méjì, ìlà mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ata ṣe wọ́n ní Bódìjà, ohun tí awakọ̀ Micra sọ, bí òjò ṣe pa aṣọ tí mo sá. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa lóṣù kẹfà ọdún 2021 ni mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí i padà ní 2022, àmọ́ ibi tèmi ti mọ́ mi lára.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mo se ìrẹsì ìkómọ fún tí kò kí mi kú iṣẹ́, ló lọ ka blog mi fún ìyá wọn. Látìgbà náà, màmá ò gbé ìpè mi mọ́. Ọkọ mi ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣé èmi ò lẹ́nu ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kí lẹ kọ gan-an? Ọ̀rọ̀ ata ò lè mú ìyá ọkọ bínú tó báyìí.

Bàbá Ọláìyá: Pa á rẹ́. Ilé ọkọ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Àṣàkẹ́: Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná. Èmi kọ ọ́ sórí status WhatsApp nígbà kan pé ẹnìkan jẹ mí lówó àjọ. Mi ò dárúkọ. Àwọn tí kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ ló ń pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń bínú. Ẹni tó jẹ gbèsè gan-an fi ẹ̀rín ránṣẹ́.

Oníkọ̀ǹpútà: Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Status máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, blog kì í lọ. Bó bá jẹ́ WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe blog, ni ẹ ń lò, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Export, kí ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀. Kí ẹ wá yí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ sí Private. Àmọ́ ẹni tó bá ti ya screenshot ti yà á nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, WordPress ni. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. “Olówó orí mi” ni mo máa ń pè é níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yẹn, gèlè tó yá lọ́wọ́ mi, kò tíì dá a padà títí dòní.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi gèlè sílẹ̀. Kí lẹ kọ?

Ẹni tó béèrè: Ìlà mẹ́ta péré! Pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ olówó orí mi, síbẹ̀ ó ń wọ ṣúùtù jáde láàárọ̀, ó ń lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta ayò. Pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ìfẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Èmi wá mọ̀ pé màmá ò tíì gbọ́ ni?

Àṣàkẹ́: Háà.

Ìyá Ìbejì: Ṣé òun fúnra rẹ̀ sọ fún yín pé iṣẹ́ ti bọ́?

Ẹni tó béèrè: Rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi. Kò mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Bàbá Ọláìyá: Ẹ rí i bí? Orí blog ni ọkùnrin ti rí i pé ìyàwó òun mọ̀!

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ẹ jókòó ti ọkọ yín lálẹ́ òní kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ má lọ bá màmá kí òun tó ní kí ẹ lọ.

Ẹni tó béèrè: Ti Private yẹn, ṣé àwọn tó ti kọ comment síbẹ̀ ṣì máa rí i?

Oníkọ̀ǹpútà: Wọn ò ní rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín nìkan ni.

Bàbá Ọláìyá: Pa á rẹ́!

Àṣàkẹ́: Bàbá, ẹ sinmi.