Gan, dákú àbí kú? Lórí orúkọ ohun tí ó ń ṣe ètò ìwòran lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà inú èdè àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi gbogbo, mo kí yín. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti sọ: ètò tí a fi ń wo fíìmù tàbí tí a fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà gba ẹ̀dà tuntun, láti ìgbà náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ni a ó máa pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní Yorùbá? Àbá mẹ́ta ni ó ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé ní Sùúrùlérè dábàá "ìjàǹbá ètò". Olùkọ́ wa láti Yábàá ní kí a máa lo "kú", nítorí pé ó kúrú, ọmọdé sì mọ̀ ọ́n. Ẹnìkẹta, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ní òun kò rí ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú, pé "ó ti háàngì" ni gbogbo oníbàárà òun ń sọ, ó sì ń yé òun. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè tó, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à ń fi orúkọ kan pè, ọ̀nà tí a sì ń gbà tún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kò jọra.

N kò ní pẹ́ lórí "ìjàǹbá". "Crash" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ni wọ́n tún ń lò fún ọkọ̀ tí ó forí sọ nǹkan, àwa kò sì ní láti bá wọn wọ ọkọ̀ náà. Bí ẹnì kan bá pe ìyá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ lórí fóònù pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun, kò sí ìyá tí yóò rò pé fíìmù ni ó dúró.

"Háàngì" gba èsì tí ó gùn díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó mú un wá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń yé e nítorí pé oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ sì wà lórí tábìlì. Ojú ni ó fi ń rí àìsàn náà, kì í ṣe etí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ń ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà, tí kò lè ti ìsọ̀ rẹ̀ pa kí ó gbé kọ̀ǹpútà ńlá la afárá kọjá lọ sí Ìkẹjà, tí ó sì ní láti fi ẹnu lásán ṣe àlàyé lórí fóònù. Bí ó bá ní "ó ti háàngì", ohun tí ó sọ kò ju pé nǹkan ò lọ dáadáa, oníṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè kí ó tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó dára yẹ kí ó ti dáhùn ìdajì nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú èkíní nínú ohun mẹ́ta náà, èyí tí ètò kì í ti í parẹ́. Fèrèsé ètò náà ṣì wà níwájú ẹni, òṣèré ti dúró pẹ̀lú ẹnu lílà, ohùn lè máa bá tirẹ̀ lọ tàbí kí ó máa tún ègé kan pè, ọfà máòsì ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí a tẹ̀ nínú ètò náà tí ó dáhùn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ipò yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé: ó gan. Òkú a máa gan, iṣan a máa gan, iná mànàmáná a sì máa gan ẹni tí ó bá fọwọ́ kan wáyà tí ó ṣí sílẹ̀. Ara wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ mọ́. Olùkọ́ wa ti Yábàá tako èyí, ó ní "ètò náà gan" yóò dà bí ẹni tí kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé "gan-an" ni à ń gé kúrú báyìí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Òtítọ́ ni: "ètò náà gan dákú" lè túmọ̀ sí pé ètò yẹn pàápàá dákú. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ yìí kéré. Bí a bá fi "ti" ṣáájú tàbí tí a fi "pa" tẹ̀lé e, iyèméjì kò sí mọ́: "ètò náà ti gan", "ó gan pa". Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹran ara, kò sì sí ẹni tí ó ṣì wọ́n gbọ́ rí.

Ìdí tí ètò ìwòran fi sábà máa ń gan lẹ́yìn ẹ̀dà tuntun ni pé àwọn tí ó ṣe é yí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ padà. Fídíò inú fáìlì jẹ́ ohun tí a dì kí ó má baà gba àyè. Bí a bá fẹ́ wò ó, ó di dandan kí a tú u, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Tẹ́lẹ̀ rí, ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) ni ó sábà máa ń ṣe títú náà. Ẹ̀dà 3.0 ti ètò ìwòran tí ń jẹ́ VLC, tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2018, sọ ọ́ di ìṣètò ìbẹ̀rẹ̀ pé kí iṣẹ́ títú máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ àwòrán, èyí tí ó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kí fídíò 4K àti 8K, tí àwòrán wọn tóbi gan-an, lè ṣeé wò láìsí wàhálà, àwọn ètò mìíràn náà sì gba ọ̀nà kan náà. Àǹfààní ńlá ni lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Lórí èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2009, ẹ̀rọ àwòrán lè gba iṣẹ́ náà kí ó má dá a padà, ètò yóò máa dúró dè é, ohun tí ojú wa yóò sì rí ni gígan. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro: nínú ìṣètò (Preferences) VLC, ní abala Input/Codecs, a lè pa ohun tí ó ń gbé iṣẹ́ náà lọ, kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ṣe é fúnra rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí èyí kò bá tó, kí a yí ọ̀nà tí àwòrán ń gbà jáde kúrò ní Direct3D11, tí ó bá Windows 7 dé ní ọdún 2009, sí Direct3D9 tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni èdè ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀. Ohun tí à ń sọ pé kí wọ́n pa yẹn, "ìmúyára" ni àwọn kan nínú wa ń pè é, wọ́n tú u tààrà láti inú "hardware acceleration" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò gbà láti pa ìmúyára lórí ẹ̀rọ tí ó ti ń fà tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ yóò rò pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ òun tún fà sí i ni, yóò sì fi ohun tí ó ń pa á lára sílẹ̀ ní títàn. Kì í ṣe eré ni ó ṣe kókó nínú ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe ẹni tí a fi iṣẹ́ rán. Nítorí náà ni mo fi ń dábàá "ìfiṣẹ́rán": ètò fi títú àwòrán rán ẹ̀rọ àwòrán. Bí ẹni tí a rán bá ti dàgbà jù fún iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tí yóò bi wá léèrè ìdí tí a fi ní kí a má rán an mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó tẹ̀ lé e ni "awakọ̀", tí àbúrò wa kan lò fún "driver", ètò kékeré tí ó máa ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ àwòrán tàbí ẹ̀rọ ohùn sọ̀rọ̀. Kò wa nǹkan kan. Ó dúró láàárín ẹni méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn, ó ń gba ọ̀rọ̀ ti èkíní, ó sì ń gbé e fún èkejì lọ́nà tí yóò gbà yé e. Mo ti rò "agbódegbà" wò, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé ní Èkó, orúkọ yẹn ti ní òórùn tirẹ̀. "Alárinà" ni ó bá a mu. Pẹ̀lú rẹ̀ ni a fi lè sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: ètò ti di tuntun, ẹ̀rọ àwòrán ti gbó, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò sì tún alárinà rẹ̀ ṣe mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kò mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tuntun tí ètò ń sọ. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni bóyá alárinà tuntun wà fún irú ẹ̀rọ yẹn kí a tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Èkejì ni ti ètò tí ó parẹ́. Fíìmù ń lọ, lójijì fèrèsé rẹ̀ pòórá, ojú kọ̀ǹpútà sì wà bí ó ṣe wà, gbogbo ètò yòókù ń ṣiṣẹ́. "Dákú" ni mo fara mọ́ fún èyí. Ẹni tí ó dákú ṣì lè jí. Ètò náà pẹ̀lú ṣeé ṣí padà. Bí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, a kò ní láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ará Èkó ń pe iná wọn ní iná dákú-dájí. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti iná. Kí ni ó burú nínú ìyẹn? Ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ lára iná ni yóò jẹ́ kí ó tètè yé wọn lára ètò.

Dídákú fúnra rẹ̀ ní ìgbà tí ó ń wáyé, ìgbà náà sì ni ó ń tú àṣírí. Bí ètò bá dákú ní kété tí a ṣí i, tí kò tilẹ̀ fi ojú rẹ̀ hàn, ó ṣeé ṣe kí ìṣètò àti àká (ohun tí ètò ti kó pamọ́) tí ẹ̀dà àtijọ́ fi sílẹ̀ má bá ẹ̀dà tuntun mu. A ó dá gbogbo ìṣètò padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì tún un ṣí. Bí kò bá gbọ́, kí a wo àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú Windows (Event Viewer). Nọ́ńbà 0xc000001d níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ètò pa àṣẹ kan tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀. Ọdún 2011 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó mọ àkójọ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní AVX. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀dà tuntun bá gbára lé AVX láìkọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà, gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó dàgbà ju ìyẹn lọ ni ètò náà yóò máa dákú lé lórí. Kò sí ìṣètò tí ó lè wo èyí sàn. Kí a yọ ẹ̀dà tuntun kúrò, kí a dá ti àtijọ́ padà, kí a sì pa gbígba ẹ̀dà tuntun láìtọrọ ààyè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 0xc0000005 ń sọ pé ètò fọwọ́ kan ibi tí kò ní ẹ̀tọ́ sí nínú ìrántí ẹ̀rọ, alárinà àwòrán sì wà lára àwọn tí ó máa ń fa irú rẹ̀, nítorí náà ìfiṣẹ́rán ni kí a kọ́kọ́ pa.

"Kú", tí olùkọ́ wa fẹ́ràn, ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ti ń ṣe: "fóònù mi ti kú" ni à ń sọ bí bátìrì bá tán. Ẹ jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀, fún ẹ̀rọ tí ó pa ara rẹ̀ pátápátá pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó kú nígbà tí fíìmù ń lọ kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ ètò. Ooru Èkó àti eruku tí ó dí fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń fúnra rẹ̀ tú fídíò HEVC, irú ìdìpọ̀ tí ó dé ní ọdún 2013, tí ó ń gba àyè kékeré ṣùgbọ́n tí títú rẹ̀ le ju ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ó gbóná kọjá ààlà a máa pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ní ti àwòrán tí ó ń dúró díẹ̀díẹ̀ tí ó sì tún ń lọ, èyí kò sí nínú ìjà wa rárá. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní ó ń kólòlò, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ó ku "ìmúdójúìwọ̀n", tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lò fún gbígba ẹ̀dà tuntun. Ọ̀rọ̀ tí a hun dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́: ó ní ẹni tí ó gbà á ti dé ojú ìwọ̀n. Ìwọ̀n ta ni? Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ìwọ̀n tí ẹ̀dà tuntun ń bá mu, ti àwọn ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn wọn ni. N kò ní kí a sọ ọ́ nù o. Fún àtúnṣe kékeré tí ó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n fún ètò tí ó yí padà láti 2 sí 3, "ẹ̀dà tuntun" ni kí a máa pè é, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹni tí ó dá ẹ̀dà àtijọ́ padà ti rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n.

Ohun tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ dáadáa ni ọ̀rọ̀-orúkọ wọn. "Ìdákú" rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n "ìgan" kò dùn ún gbọ́ létí mi, "ikú ẹ̀rọ" sì le jù fún ohun tí fífọ fáànù lè wò sàn. "Gígan", "dídákú" àti "kíkú" ni mo lò nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí mo ń kọ lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ fi bi oníbàárà tí kò rí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé wá, kí ẹ sì sọ fún wa èyí tí ó dá yín lóhùn láìjẹ́ pé ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.