Ọmọ ọdún 21 fẹ́ fi softball sílẹ̀ lọ máa ṣe bowling, ṣé kò ti pẹ́ jù?

IyaMoyo: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Michigan, softball (eré tó jọ baseball, tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) ló ń gbá látìgbà tó ti wà ní high school, ó wá ní bowling, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù ńlá láti fi wó àwọn igi tí wọ́n tò, lọkàn òun wà báyìí. Dádì wa ò gbà rárá, wọ́n ní kékeré làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ lé wọn bá. Ọmọ yẹn sunkún lórí fóònù lánàá, ó dùn mí gan-an. Ṣé ẹ mọ obìnrin tó gba ọ̀nà yìí tó sì já sí i? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi han dádì.

Ayinde_Sport: Kò pẹ́ o! Ẹ ní kí wọ́n wo Marion Ladewig, Michigan yẹn náà ni, Grand Rapids ni wọ́n bí i sí ní 1914. Softball lòun náà ń gbá, ọwọ́ ẹ̀ sì le tó bá ju bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni William Morrissey tó ni ilé bowling tí wọ́n ń pè ní Fanatorium ti rí i, ló bá ní kó wá dán tòun wò. Ọmọ ọdún 22 ni o, 84 péré ló gbà nínú geèmù àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ 300 ni ibi tó ga jù. Morrissey ní kó máa ṣe é lójoojúmọ́, ó sì ṣe é lójoojúmọ́ lóòótọ́, láti 1940 títí di 1962.

Adunni Oke: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ èyí tó dùn jù. All-Star, ìdíje bowling ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ti 1951, ọjọ́ kìíní, geèmù mẹ́jọ, 1,981 lobìnrin yìí kó jọ! Ọkùnrin 160 ló wà níbẹ̀, kò séyìí tó kó tó yẹn lọ́jọ́ náà. Ìgbà mẹ́jọ ló gba All-Star, wọ́n sì mú un ní Bowler of the Year, ẹni tó mọ bowling ṣe jù lọ́dún náà, nígbà mẹ́sàn-án.

Tunji_B: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ayé ti yí. Láti 2004 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe ìdíje bowling fáwọn obìnrin yunifásítì, àwọn tí àbúrò yín máa bá pàdé ti jẹ iyán ẹ̀ gan-an. Kó lọ béèrè bóyá skúùlù ẹ̀ ní tíìmù ná, kó má tíì fi softball sílẹ̀.

IyaMoyo: Ẹ ṣé gan-an ni. Dádì ti kà á, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ta ló máa máa sanwó ilé bowling lójoojúmọ́.

Ayinde_Sport: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Marion ṣiṣẹ́ nínú Fanatorium yẹn náà ni, ibẹ̀ ló ti ń rówó, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ ọ. Kí àbúrò yín lọ béèrè iṣẹ́ ní èyí tó bá sún mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ tí èrò ò bá pọ̀.